Ọ̀gá Tí Kò Dá Ọmọ Iṣẹ́ Kankan Sílẹ̀ Rí

Inú máa ń bí mi tí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ pé òun fẹ́ fi káàdì ṣe iṣẹ́ jẹun. Lóṣù tó kọjá, mo jókòó síbi tí wọ́n ti ń gẹrun, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ léèrè bóyá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ póòkà lè fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kó gbájú mọ́ ọn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Kí ló dé tí kò fi ní lè ṣe é? Iṣẹ́ ni bí iṣẹ́ mìíràn." N kò dá sí i. N kì í dá sí ọ̀rọ̀ káàdì ní gbangba. Ṣùgbọ́n mo délé, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lára mi. Gbólóhùn yẹn gan-an, iṣẹ́ ni bí iṣẹ́ mìíràn, ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi mú mi lọ nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́.

N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àdúgbò nìkan ni màá dárúkọ, n kò sì ní sọ òpópónà. Àwọn kan nínú wọn ṣì lè wà láyé. Wọ́n lè ti di àgbà ìjọ.

Ìgbà náà jẹ́ ìgbà tí owó náírà ń já wálẹ̀ lójoojúmọ́, tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń kógbá wọlé. Mushin ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ṣe abọ́ rọ́bà, ìdí ẹ̀rọ tó ń tẹ ìdérí jáde ni wọ́n fi mí sí. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní èròjà tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun kò wọlé mọ́. Wọ́n pín ìwé fún wa, wọ́n fún wa lówó díẹ̀, wọ́n ti géètì. Mo ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, n kò níyàwó, n kò sì lè san owó ilé mọ́. Mo kó ẹrù mi, mo tọ Àǹtí mi lọ ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó.

Àǹtí mi ni àkọ́bí ìyá wa. Ó ń ta bọ́tìnnì, síìpù àti òwú fún àwọn télọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lójúde ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Yàrá kan àti pálọ̀ ni wọ́n ní, pálọ̀ ni mo sì ń sùn sí. Kò bá mi ṣe gbólóhùn asọ̀ nítorí oúnjẹ rí. Ohun tó ń sọ ni pé ọkùnrin kì í jókòó lásán. Ó ti bá ọ̀gá kan tó ń tún fìríìjì ṣe ní Yábà sọ̀rọ̀ pé kó gbà mí sẹ́nu iṣẹ́. Ọkùnrin náà gbà, ó ní kí n máa bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí Àǹtí sì tẹ̀ lé mi wá ṣe onídùúró.

Ọ̀rọ̀ náà tì mí lójú. Pé ní ọjọ́ orí mi, kí n máa gbé báàgì irinṣẹ́ tẹ̀ lé ọ̀gá, kí àwọn ọmọ tí kò tíì fá irùngbọ̀n rí máa pàṣẹ fún mi torí pé wọ́n ti débẹ̀ ṣáájú.

Ibi tí mo ti ń rí ìtura ni Àgùdà. Ẹ̀yìn ilé kan wà níbẹ̀, lábẹ́ igi fúrúùtù, tí wọ́n gbé tábìlì kan sí, tí wọ́n fi kéréètì bíà ṣe ìjókòó. Ọ̀sán ni wọ́n máa ń ta káàdì níbẹ̀ títí oòrùn á fi rọlẹ̀. Póòkà ni, kì í ṣe káàdì àwọn ọmọdé. Wọ́n á pín káàdì márùn-ún fún kálukú. O ó wo tìrẹ, o ò ní rí ti ẹlòmíràn. Bí ó bá wù ọ́, o ó gbé owó kalẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé ọ lè gbé iye kan náà, ó lè fi kún un, ó sì lè da káàdì tirẹ̀ dànù kó jọ̀wọ́ ohun tó ti wà nílẹ̀. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé ẹni tí kò ní nǹkankan lọ́wọ́ lè jẹ ẹni tó ní, bí ojú rẹ̀ bá ti le tó.

Mo gbà pé ojú mi le. Láti ìgbà tí mo ti débẹ̀ ni mo ti ń jẹ. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń wọlé lemọ́lemọ́, débi pé mo ra ẹran lọ sílé fún Àǹtí.

Ọkùnrin kan ni olórí wọn. Ọ̀gá ni gbogbo wa ń pè é. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó gba sítáàṣì ló máa ń wọ̀, èékánná rẹ̀ mọ́ bíi ti nọ́ọ̀sì, kì í sì í pariwo. Wọ́n ní ó ti ta káàdì ní hòtẹ́ẹ̀lì ńlá nílẹ̀ òkèèrè. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àbúrò, ṣé o mọ̀ pé ọwọ́ rẹ dáa?"

"Ẹ ṣeun, sà."

"N kò yìn ọ́ o. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni mò ń bá ọ sọ. Àwọn tó jókòó síbẹ̀ yẹn, eré ni wọ́n ń ṣe. Ìwọ lè fi jẹun. Ṣùgbọ́n kò sí iṣẹ́ tí kò ní ọ̀gá. Télọ̀ kọ́ tirẹ̀, mẹkáníìkì kọ́ tirẹ̀. Wá kọ́ tìrẹ lọ́dọ̀ mi."

"Èló ni màá san, sà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ohun tí o bá pàdánù níbí, owó ìkọ́ṣẹ́ rẹ nìyẹn. Ta ló ń kọ́ṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ó wọ̀ mí lára nítorí irú ilé tí mo ti wá. Bí wọ́n bá ti ní nǹkan ní ọ̀gá, tó ní ọmọ iṣẹ́, tó ní owó ìkọ́ṣẹ́, lójú tiwa ó ti di ohun ọmọlúàbí nìyẹn. Bí ọmọ iṣẹ́ bá sì ń jìyà, a kì í ní kó sá, a máa ń ní kó fara dà á, pé ọjọ́ ìdásílẹ̀ ń bọ̀. Ọkùnrin yẹn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó mú ohun tí àwọn bàbá wa fi ń sọ ọmọ dènìyàn, ó fi bo ìwọ̀ rẹ̀ lójú. Títí di òní, èyí ló ń bí mi nínú jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe.

Mo sọ fún Àǹtí nígbà tó ń palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́ ní ìrọ̀lẹ́ pé n kò lọ sí Yábà mọ́, mo ti rí ọ̀gá mìíràn.

"Ọ̀gá kí ni?"

"Ọ̀gá póòkà. Káàdì."

Ọkọ rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín. "A jẹ́ pé Ẹnjiníà Káàdì la ó máa pè ọ́ nìyẹn."

Àǹtí kò rẹ́rìn-ín. Ó ń to síìpù sínú páálí lọ. "Ṣé ó ń gba ọmọ iṣẹ́?"

"Ó ń gbà."

"Ó dáa. Ènìyàn kì í dá lọ kọ́ṣẹ́. Màá tẹ̀ lé ọ lọ bá a. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni màá dúró fún ọ níwájú ọ̀gá láyé yìí, torí náà, jẹ́ kí n rí ẹni náà kí n tó dúró."

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó wọ ìró àti bùbá tó fi ń lọ ìpàdé, ó ra obì àti orógbó, ó tò wọ́n sínú àwo tángaran, ó fi ìgò ọtí kan sínú báàgì, bí wọ́n ṣe ń fa ọmọ lé ọ̀gá lọ́wọ́ gan-an. A dé abẹ́ igi náà nígbà tí wọ́n ń pín káàdì. Gbogbo wọn yíjú sí wa. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìyàwó ta rèé? Kí olúwarẹ̀ yáa dìde kó máa lọ sílé." Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ẹ káàsán o," Àǹtí ní. "Èwo nínú yín lọ̀gá?"

"Èmi ni, ma. Ẹ jókòó."

Àǹtí jókòó sórí kéréètì, ó gbé àwo lé tábìlì láàárín káàdì. "Mo mú àbúrò mi wá. Èmi ni onídùúró rẹ̀. Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ni mò ń gbé, mo ń ta bọ́tìnnì níbẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ẹ bá bi ní òpópónà wa ló máa júwe mi. Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ kọ́ ọ níṣẹ́."

Ọ̀gá wo àwo náà, ó wo àwọn ènìyàn rẹ̀, ó gbé ẹ̀rín mì. "Bẹ́ẹ̀ ni, ma. Ọwọ́ rẹ̀ dáa."

"Ọlọ́run á jẹ́ kó dáa sí i. Ọdún mélòó ló máa lò?"

"Ìyẹn kù sọ́wọ́ rẹ̀. Ọpọlọ ló ń kọ́ iṣẹ́ yìí, kì í ṣe ọdún."

"Irinṣẹ́ wo la máa rà fún un lọ́jọ́ tí ẹ bá dá a sílẹ̀?"

"Páálí káàdì kan, Àǹtí," ẹnìkan dáhùn láti ẹ̀gbẹ́. "Kò wọ́n."

Àǹtí jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán. "Ta lẹ ti dá sílẹ̀ rí?"

"Ẹ ní kí ni, ma?"

"Àwọn ọmọ iṣẹ́ yín tó ti gbòmìnira. Mo fẹ́ mọ ibi tí ẹnìkan wà nínú wọn, kí n lọ kí i, kí n bi í bí ẹ ṣe lò ó. Bí a ṣe ń ṣe nìyẹn."

"Wọ́n pọ̀, ma. Wọ́n wà káàkiri."

"Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Ṣé ó wà ní Sùúrùlérè níbí?"

"Ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n kì í dúró síbi tí wọ́n ti kọ́ ọ."

"Àwọn tó jókòó yìí ńkọ́? Ọdún mélòó ni wọ́n ti ń bá yín bọ̀?"

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọkùnrin kan tí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti ya wo káàdì ọwọ́ rẹ̀, kò gbójú sókè. Ọ̀gá na ọwọ́ sí àwo. "Ẹ jẹ́ ká pa obì yìí ná, ma. Ọ̀rọ̀ á máa bọ̀ lẹ́yìn."

Àǹtí gbé àtẹ́lẹwọ́ lé obì. "Ẹ má bínú, sà. A ò tíì débẹ̀." Ó fi ìborùn bo àwo náà, ó dìde, ó kí wọn, ó sì ń lọ. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ lẹ́yìn wa pé, "Ọ̀gá, wọ́n gba obì lẹ́nu yín o," ẹ̀rín sì tún sọ. Ojú tì mí débi pé n kò lè bá Àǹtí rìn pọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà.

Nígbà tí a dé títì, ó dúró dè mí. "Télọ̀ tó bá kọ́ ọmọ iṣẹ́ títí tó fi mọ iṣẹ́ náà tán, oníbàárà rẹ̀ kò lọ síbì kankan. Èyí tí ìwọ ń lọ kọ́ yìí, bí o bá mọ̀ ọ́n tán, lára ta lo ti máa jẹun? Lára òun náà ni. Ṣé ó máa wá kọ́ ọ dáadáa?"

"Àǹtí, ẹ ò mọ káàdì."

"N kò mọ̀ ọ́n. Mo mọ ọ̀gá." Ó ní lọ́jọ́ Mọ́ńdè, òun á múra, òun á jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù. Bí mo bá jáde sí òun, a ó lọ sí Yábà. Bí n kò bá jáde, òun kò ní pè mí mọ́.

Ní Fúráídè, mo tún padà lọ sí Àgùdà. Mo fẹ́ bẹ Ọ̀gá nítorí ohun tí Àǹtí ṣe. Kò bínú rárá. "Àǹtí rẹ pa mí lẹ́rìn-ín," ó ní. "Má ta lónìí. Jókòó sẹ́yìn mi kí o máa wò. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn."

Onífọ́tò kan wà nídìí tábìlì lọ́jọ́ náà, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀. Òun náà kò tíì pẹ́ láàárín wọn, òun náà sì ti ń jẹ láti ìgbà tó ti dé. Ó gbé kámẹ́rà kọ́rùn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bi wọ́n pé ta ló tún kù. Láti ibi tí mo jókòó sí, mo ń rí káàdì Ọ̀gá. Bí káàdì rẹ̀ bá dáa, á fọwọ́ nu ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Àwọn méjì tó kù á kọ́kọ́ fi owó kún owó kí onífọ́tò lè wọlé dáadáa, lẹ́yìn náà wọ́n á da káàdì tiwọn dànù, wọ́n á fi òun àti Ọ̀gá sílẹ̀. Bí Ọ̀gá kò bá ní nǹkankan, á yí ìgò bíà tó wà níwájú rẹ̀ po, wọ́n á sì jẹ́ kí onífọ́tò jẹ díẹ̀. Bí a ṣe ń da ọkà fún adìyẹ ọdún ni wọ́n ṣe ń fún un jẹ.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ara mi. Gbogbo ohun tí mo rò pé ojú líle mi ló jẹ ẹ́, àwọn ló fi fún mi. Ẹran tí mo rà lọ sílé fún Àǹtí, ọkà adìyẹ ni.

Kò pẹ́ tí owó tán lọ́wọ́ onífọ́tò. Ó bọ́ kámẹ́rà lọ́rùn, ó gbé e kalẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò dá a dúró. Wọ́n tún yìn ín. Ọ̀kan ní, "Ẹ wo ọkùnrin. Bó ṣe yẹ kí ènìyàn máa ta káàdì nìyẹn." Ọ̀gá nu ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì. Kámẹ́rà lọ.

Onífọ́tò jókòó síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń wá okùn kámẹ́rà ní àyà rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n lò ó lọ́la. Ìgbéyàwó ni mo fẹ́ lọ yà. Mo ti gba owó wọn."

"Owó ìkọ́ṣẹ́ ni, àbúrò," Ọ̀gá dá a lóhùn. "Fara balẹ̀."

Ọ̀rọ̀ kan náà tó sọ fún mi, ohùn kan náà. Nígbà tí onífọ́tò lọ, ó yíjú sí mi. "O rí i? Àwọn tí o ní wọ́n jọ dá yín dúró nílé-iṣẹ́, owó ṣì wà lọ́wọ́ wọn. O mọ ilé wọn. Máa mú wọn wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ọmọ iṣẹ́ nìyẹn."

"Mo rò pé ẹ máa kọ́ mi ni, sà."

"Kí n kọ́ ọ kí o wá jẹ ta? Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n là ń jẹ. Bí gbogbo yín bá mọ̀ ọ́n, ebi ló máa pa wá." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ènìyàn ṣe ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀wà.

Ìdáhùn ìbéèrè ọmọkùnrin ibi ìgẹrun yẹn nìyẹn, ẹnu ẹni tó ń fi jẹun ni mo sì ti gbọ́ ọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni oúnjẹ. Mo mọ̀ pé wọ́n á ní àwọn kan wà tó ń ta á láìsí màgòmágó, pé ìṣirò ni, pé ọpọlọ ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. N kò rí irú wọn lábẹ́ igi yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ìṣirò náà, lára ta lòun náà ti ń jẹ? Fìríìjì tí mo bá tún ṣe, onífìríìjì ní omi tútù, èmi ní owó. Kí ni onífọ́tò ní?

Mo dìde pé mo fẹ́ máa lọ. Ọkùnrin gíga kan wà tí kì í ta káàdì, ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí. Ó di bẹ́líìtì mi mú láti ẹ̀yìn. "O ti rí inú," ó ní. "Ẹni tó bá ti rí inú, inú ló ń gbé." Mo ní màá mú wọn wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó tú bẹ́líìtì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Mọ́ńdè. A mọ ṣọ́ọ̀bù bọ́tìnnì."

Wọ́n mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Àǹtí ló sọ ọ́ fún wọn pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀, bí onídùúró gidi ṣe ń ṣe.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, èmi ni mo kọ́kọ́ jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún Àǹtí, ẹ̀rù ba òun náà, ṣùgbọ́n ó gbé àwo rẹ̀, a lọ sí Yábà. Ọ̀gá fìríìjì jẹ́ ọkùnrin kúkúrú tí iná ti jó lápá káàkiri. Àǹtí bi í ní ìbéèrè kan náà. Ó dáhùn kíá: ọ̀kan wà ní Ṣómólú, ọ̀kan wà ní Òyìngbò, ọ̀kan ti padà sí Iléṣà. "Ìkẹrin wà ní ẹ̀yìn sítéṣọ̀n rélùwéè níbí. A ò kí ara wa mọ́. Ṣùgbọ́n ó mọṣẹ́." Wọ́n pa obì.

Ọkùnrin gíga náà kò jẹ́ kó pẹ́ kó tó dé Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Àǹtí sọ fún un pé àbúrò òun ti wà lọ́dọ̀ ọ̀gá ní Yábà, pé bí ọ̀rọ̀ bá wà, ọ̀gá rẹ̀ ni kó lọ bá. Ó sì wá sí Yábà. Ó kù díẹ̀ kí a palẹ̀ mọ́ nígbà tí mo rí i lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

"Ta lẹ fẹ́?" Ọ̀gá wa bi í.

"Ọmọ yẹn. Ó ṣèlérí kan fún wa."

"Ọmọ iṣẹ́ mi lẹ nawọ́ sí yẹn. Wọ́n fà á lé mi lọ́wọ́. Ohun tó bá ṣèlérí, ọwọ́ mi lẹ ti máa gbà á."

"Màá dúró títí ẹ ó fi ṣíwọ́."

"Ẹ jókòó."

Ó jókòó sórí fìríìjì òfìfo kan létí gọ́tà. Ọ̀gá wa wọlé, ó gbé kọ́ńpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń mú fìríìjì tutù, kan tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè jáde, ó ní kí gbogbo wa jókòó yí i ká, kí a tú u, kí ẹnikẹ́ni má tíì lọ sílé. Àwọn yòókù ń kùn pé ebi ń pa wọ́n. Ó rán ènìyàn lọ ra búrẹ́dì àti àkàrà, ó pín in kárí wa, kò fi lọ ọkùnrin tó wà níta. Kò bi mí léèrè ohun tí mo ṣe. Kò wo ojú mi. A ń tú nọ́ọ̀tì lọ, a ń jẹun, ọkùnrin náà ń wò wá. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni mí, mi ò sì tíì lo oṣù kan lọ́dọ̀ rẹ̀. Èkejì tó ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá, ìbá ti fi mí ra bíà.

Nígbà tó yá, ọkùnrin gíga náà tutọ́ sínú gọ́tà, ó dìde, ó lọ. Ọ̀gá wa wo títì fún ìgbà díẹ̀. Ó ní kí a di kọ́ńpírẹ́sọ̀ náà padà bó ṣe wà. Nọ́ọ̀tì kan kò wọlé fún mi. Kò ní kí n yára. Ó dúró tì mí títí mo fi dì í tán, kó tó ti ṣọ́ọ̀bù.